Ẹ̀yìn Aago Bàbá Mi

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, ẹ má sì bi mí pé ta ní ń lálàá lọ́sàn-án. Iyán ni mo jẹ. Mo wá jókòó sí pálọ̀, mò ń retí Ráímì tó ń ra aago àtijọ́ kiri, tó ní òun rí ọ̀kan tó jọ ti bàbá mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti aago yẹn, kí àlá náà lè yé yín. Gáàdì rélùwéè ni bàbá mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, kò sí bébà lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá ṣí ẹ̀yìn aago ọwọ́ rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ ha ọjọ́ náà sínú rẹ̀. Nígbà tí bàbá kú, ẹ̀gbọ́n mi ta aago náà láìbi ẹnikẹ́ni, ó sì dùn mí gan-an. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń wá a.

Kiní kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Nígbà tí mo ń wọ iṣẹ́ ìjọba, mo gé ọdún márùn-ún kúrò nínú ọjọ́ orí mi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà gé e. Ìyàwó mi gan-an, ti inú ìwé ló mọ̀.

Wàyí o, ojú àlá ni mo wà tí aago náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé. Bàtà rẹ̀ ń dán. Mo dìde, mo ní, "Ẹ káàbọ̀."

Ó ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé yín nìyẹn? Lórí ìdúró?"

Mo rò ó wò. Aago àtijọ́ ni, ó lè jù mí lọ lóòótọ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo wá fọgbọ́n béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọdún wo ni wọ́n ṣe yín?"

Ojú aago ló kọ́kọ́ dáhùn: "1950."

Ọwọ́ rẹ̀ gígùn ní, "Irọ́ ló ń pa. Èṣí ni wọ́n kùn ún lọ́dà tuntun ní Ìlọrin."

Ọwọ́ kúkúrú ní, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ara aago mìíràn ni wọ́n ti tú ọ?"

Ẹ̀rọ inú rẹ̀ wá húkọ́. Ó ní, "Èmi ni mo dàgbà jù nínú wọn, kò sì sẹ́ni tó kí mi." Mo bá tún dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀rọ náà lọ́tọ̀. Mo bi í bóyá ọjọ́ ìbí mi wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ta ló lè rí ẹ̀yìn ara rẹ̀, ká kúkú lọ sí ọ́fíìsì.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń wádìí ọjọ́ orí aago ń léfòó lókè òrùlé wa. A gun àkàbà. Àkàbà ní kí n rọra tẹ òun, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Ọ̀gá kan tó wọ agbádá yọjú lójú fèrèsé, ó wo aago náà, ó ní, "Aago mélòó ni?"

Mo ní, "Aago kan."

"Aago kan ti lù? Àkókò oúnjẹ ọ̀sán nìyẹn." Ó ti fèrèsé.

Mo kan fèrèsé. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Mi ò sọ àkókò o, iye aago tí mo mú wá ni mo sọ!"

Nígbà tó fi máa ṣí i padà, ìwo ti hù lórí rẹ̀, ó ti di ewúrẹ́, ó ń jẹ fáìlì. Ó ṣì wọ agbádá náà, nítorí náà mi ò yé pè é ní ọ̀gá. Fáìlì iṣẹ́ mi ló ń jẹ. Ó ní, "Ọjọ́ kan wà nínú aago yìí. Bí o bá sọ ọ́, tìrẹ ni. Bí o bá ṣì í sọ, ó di ti ẹlòmíràn. Ọjọ́ wo ni wọ́n bí ọ?"

Mo ní, "Ti ilé ni àbí ti ìwé?"

Ó ní, "Ṣé aago náà bá ọ wọ iṣẹ́ ìjọba ni?"

Mo wá rí bàbá mi lórí tábìlì ewúrẹ́ náà, fìlà gáàdì lórí, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ó ń bi ẹnì kan pé, "Ṣé ó ti ké? Ṣé ọmọ náà ti ké?" Àárò rẹ̀ sọ mí, mo na ọwọ́ sí i. Ewúrẹ́ ní, "Tètè sọ, ó ku ojú ìwé kan." Ó di èjìká mi mú, ó ń mì mí.

Ìyá Fìyìn, ìyàwó mi, ló ń mì mí. Ráímì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó di aago sínú àtẹ́lẹwọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Fìyìn. Ẹni mẹ́ta ló ti ní ti bàbá àwọn ni. Wọ́n kọ ọjọ́ kan sínú ẹ̀yìn rẹ̀. Ọjọ́ wo ni?"

Ìyàwó mi ò jẹ́ kí n nu itọ́ ẹnu mi. "Ọjọ́ ìbí wọn ni. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà, 1968."

Ráímì mi orí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé aago náà sínú áńkáṣíìfù. "A jẹ́ pé kì í ṣe tiyín, sà."

Mo fò dìde. Mo kígbe, "1963! Ráímì, dúró! 1963 ni!"

Ó la ọwọ́ rẹ̀, ó ṣí ẹ̀yìn aago náà. Ìkọ̀wé bàbá mi rèé, ó wọ́ bí ìgbà tí ọwọ́ ń gbọ̀n. Mo gbà á, mo ń sunkún bí ọmọdé.

Ìyá Fìyìn wo aago, ó wò mí, ó jókòó wọ̀ọ̀.

"Bàbá Fìyìn," ló wí, "ọdún mẹ́ta ni èmi náà gé nígbà tí ẹ fẹ́ fẹ́ mi, kí n má bàa jù yín lọ."