Ta Ló Ń Fún Alága Lóúnjẹ?

Alága ti kọ ikùn sókè. Súpà fi ìka kan yí i padà jẹ́jẹ́, ó sì dúró bí ẹja gidi fún ìgbà díẹ̀, ó ju ìrù, ó fẹ́ wẹ̀ lọ. Kò tíì kúrò lójú kan tí ikùn ńlá náà tún fi gbé e yí, ẹ̀yìn lọ sísàlẹ̀, inú bọ́ sókè. Kò tíì kú. Ẹnu rẹ̀ ń là, ó ń pa dé, ojú rẹ̀ sì ń wo Súpà bí ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó dé tí ayé fi dorí kodò.

"Dá..." ni Súpà wí, ó sì gbé èyí tó kù mì.

Ó kù díẹ̀ kó pe ọkọ rẹ̀. Wọ́n ń yan odì, òun àti ọkọ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ odì yóò mọ̀ pé kì í ṣe ìjà. Ìjà ní ariwo nínú, ó sì ní ìparí. Tí ẹ bá ń yan odì, inú ilé kan náà lẹ ó jọ wà, ẹnu ọ̀nà kan náà lẹ ó jọ máa gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ lanu ló gba ẹ̀bi. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ń lanu. Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́, àwọn àgbà ló wí i. Wọn ò sọ bí èèyàn yóò ṣe ṣe é tí odì bá wọ ọ̀sẹ̀ kejì.

Inú fìríìsà ni àwọn ẹja náà ń gbé. Ọkọ Súpà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹnjiníà, ló ń tún fìríìjì ṣe níwájú ilé wọn. Nígbà tí àbígbẹ̀yìn wọn lọ sílé ọkọ, tí ilé wá dákẹ́ ju bó ti yẹ lọ, ó mú fìríìsà ńlá kan tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti kọṣẹ́, ó tú ìdérí rẹ̀ kúrò, ó gbé e sábẹ́ òrùlé páànù kékeré lẹ́yìnkùlé. Ara fìríìsà nípọn, oòrùn ọ̀sán kì í tètè mú omi inú rẹ̀ gbóná. Ó jó irin pọ̀, ó fi nẹ́ẹ̀tì sí i, ó fi bò ó lójú nítorí ológbò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ lọ ra ẹja wúrà mẹ́ta, irú àwọn tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́. Wọ́n pe ọ̀kan ní Olójúńlá nítorí ojú rẹ̀ tó yọ síta. Wọ́n pe ìkejì ní Ìyàwó, nítorí ìrù rẹ̀ gùn, ó sì ń wọ́ ọ kiri bí aṣọ ìgbéyàwó. Ẹ̀kẹta ni Alága. Alága rí róbótó, kò lọ́rùn, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé ibi tó bá ń lọ.

Súpà kúnlẹ̀ ti fìríìsà, ó gbọ́ òórùn omi. Omi kọ́ ló fà á. Kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọ nípa omi. Òun ni igbákejì olórí ilé ìfọṣọ nílé ìwòsàn ńlá kan, aṣọ ìbùsùn àwọn aláìsàn ló sì ń gba ọwọ́ rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n gé súpáfáísọ̀ kúrú, wọ́n ń pè é ní Súpà. Ó mọ̀ pé omi ẹ̀rọ ní oògùn nínú, ìdí nìyẹn tí kì í fi dà á sínú ilé ẹja láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sùn nínú dúrọ́ọ̀mù. Ó dìde, ó lọ sínú ilé, kò mọ ohun tó fẹ́ mú, ó tún jáde.

Bó ti rí nìyẹn láti ìgbà tí odì ti bẹ̀rẹ̀. Ara rẹ̀ ò lélẹ̀. Á ká aṣọ, á tún un ká. Á fọ abọ́ tó mọ́. Ohun tó fa odì náà ni pé lọ́jọ́ kan níbi iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó ní, "Súpà, ẹ̀yìn ọkọ yín ńkọ́?"

Díẹ̀ ló kù kí Súpà béèrè pé ẹ̀yìn wo. Ọ̀gá náà bá a kẹ́dùn, ó ní ó mà ṣe o. Ó ní ilé ìwòsàn fẹ́ ṣí ẹ̀ka tuntun sí ìlú mìíràn, òun sì ti tẹ̀ ẹ́ láago ní ìrọ̀lẹ́ kan pé kó lọ ṣe olórí ilé ìfọṣọ ibẹ̀, ọkọ rẹ̀ ló gbé e, ó ní ìyàwó òun ń wẹ̀. Ọkọ náà ní ìyàwó òun ti sọ pé òun ò ní lè lọ, nítorí pé ẹ̀yìn ń dun ọkọ òun débi pé kò lè dá yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, Ẹnjiníà nìkan ló gbé fìríìjì onílẹ̀kùn méjì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọkọ̀ ẹrù.

Kí ni Súpà máa sọ? A kì í tú ọkọ ẹni síhòòhò níta. "Ó ti ń sàn díẹ̀díẹ̀, sà," ló sọ.

"Inú mi dùn. Bó bá sàn tán, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ kí Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Bí mi ò bá gbọ́, ẹlòmíràn la ó mú."

Súpà délé, ó bi ọkọ rẹ̀ bóyá òótọ́ ni. Ọkọ rẹ̀ ń wẹ ọwọ́. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ fi ilé sílẹ̀ ni?" Súpà wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Odì bẹ̀rẹ̀.

Òní sì ni Sátidé náà. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: obìnrin yìí fẹ́ iṣẹ́ náà. Ó fẹ́ ẹ gan-an. Gbogbo ọdún tó ti ń fọ aṣọ, abẹ́ ẹlòmíràn ló wà. Ohun tó ń dá a dúró ni pé bó bá gbé fóònù báyìí, tó gbà, tó sì di ẹrù rẹ̀ láìbá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọn ò ní pè é ní ìlọ síbi iṣẹ́ mọ́. Ìkọ̀sílẹ̀ ni wọ́n máa pè é. Òun náà ò ní rí orúkọ mìíràn pè é.

Ó pe ọmọbìnrin tó ta ẹja fún wọn.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ni ọmọbìnrin náà wí. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣe ẹja tán, ó ní, "Ṣé ikùn rẹ̀ wú?"

"Ó wú. Ṣùgbọ́n ó ti máa ń wú tẹ́lẹ̀. Alága ni."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ìpẹ́ rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ń nà sókè?"

"Rárá, ó lẹ̀ mọ́ ọn lára."

"Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oúnjẹ ni. Irú wọn yìí, nítorí pé ara wọn kúrú tó sì rí róbótó, bí oúnjẹ bá ti pọ̀ jù nínú wọn, wọn ò ní lè dúró dáadáa lómi mọ́. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń fún wọn lóúnjẹ lójúmọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Ní ìdájí, kí n tó lọ síbi iṣẹ́."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ ń fún wọn?"

Súpà bojú wo ọ̀nà iwájú ilé.

"Mà?"

"Mo ń gbọ́ ẹ. Mi ò mọ̀ bóyá èmi nìkan ni."

"Ẹ bi wọ́n nílé, mà. Bó bá jẹ́ oúnjẹ, ẹ má fún un ní nǹkan kan fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ se grínpíìsì, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ fún un díẹ̀, á yàgbẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí kò bá jẹ́ oúnjẹ, àrùn ni, ẹ gbọ́dọ̀ tètè yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tó kù. Ẹ ṣáà bi wọ́n ná."

Ẹ bi wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn lẹ́nu ọmọ yẹn. Súpà dé pálọ̀, ó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń fi nǹkan lu irin níta, ó padà. Ó mú fóònù pé kóun kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i, ojú sì tì í. Ta ní ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ọkọ tó wà níwájú ilé? Ó dé ẹ̀yìnkùlé, Alága ṣì ń wo ojú ọ̀run. Ni Súpà bá gbé korobá irin, ó gbé e sókè dáadáa, ó sì jẹ́ kó já lu sìmẹ́ńtì.

Ẹnjiníà sáré dé pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Kò wo ìyàwó rẹ̀. Ó wo korobá, ó wo fìríìsà, ojú rẹ̀ sì fà ro. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lódìkejì.

"Alága," ló wí, "kí ló ṣe ọ́?"

Súpà náà bẹ̀rẹ̀. Ó kọjú sí ẹja. "Alága, bá mi bi ẹni tó bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ yẹn bóyá ó ń fún ọ lóúnjẹ."

"Alága, o kúkú mọ̀ pé èmi ni. Ní alaalẹ́. Àwọn tó ń bínú lè gbàgbé ẹja, èmi ò lè gbàgbé."

"Ta ló gbàgbé rẹ, Alága? Ṣé kì í ṣe èmi ni mò ń fún ọ ní ìdájí, tí àwọn kan ṣì ń hanrun?"

"Ìdájí?" Ẹnjiníà gbé orí sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wojú rẹ̀, ó tún tètè bojú wo omi. "Alága, èmi náà ń fún ọ láàárọ̀. Bó bá ti jáde nílé báyìí."

Súpà fi ìka kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, látọjọ́ tí odì ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ti fún wọn á ké láti ẹ̀yìnkùlé pé òun ti fún wọn o, ẹnì kejì á sì dáhùn nínú ilé. Ẹja wúrà ò sì lójútì. Bó bá ti rí òjìji èèyàn lórí omi, á la ẹnu gbàgà bí ẹni tí kò jẹun láti ọjọ́ méje. Kódà níbi tí Alága dorí kodò sí yẹn, ó ń la ẹnu.

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Súpà, ó dì í mú. Inú ṣì ń bí i.

"Oúnjẹ ni, a dúpẹ́," ni Ẹnjiníà sọ fún ẹja. "Kò ní kú. Ọ̀rọ̀ kan péré la ò sọ, Alága, òun ló gbé ọ yí. Forí jì wá."

"Alága, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá," ni Súpà wí. "Bá mi bi í pé ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́."

Ẹnjiníà wúkọ́. Ó gbé sípánà láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì.

"Ẹ̀yìn ò ṣe mí."

"Ó mà ní ẹ̀yìn ò ṣe òun, Alága."

"Ẹ̀rù ló bà mí," ni ọkùnrin náà wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Sọ fún un. Àwọn ọmọ ti lọ. Mo gbọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ń dárúkọ ìlú mìíràn, mo bojú wẹ̀yìn wo inú ilé, mo rí i pé ó máa ku èmi àti òkú fìríìjì. Ẹnu mi kàn sáré ni. Nígbà tí mo gé fóònù tán, mo fẹ́ sọ fún un. Mi ò mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀."

Súpà dìde. Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe é, inú sì tún bí i pé àánú ọkọ rẹ̀ ń ṣe òun.

"Dádì."

Ẹnjiníà kò gbé orí sókè.

"Dádì, ẹ wò mí. Èmi kọ́ ni Alága."

Ó wò ó.

"Ẹ̀rù bà yín, ẹ ò sọ fún mi. Ọ̀gá mi lẹ lọ sọ fún pé mo ní mi ò lọ. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ, Dádì. Ẹnu mi lẹ gbà lọ́wọ́ mi."

"Mo jẹ̀bi."

"Kì í ṣe ẹ̀bi yín ni mò ń wá."

"Ṣé o fẹ́ lọ ni?"

"Mo fẹ́ lọ."

Ó sọ ọ́, ilẹ̀ kò sì là. Ọkùnrin náà mi orí, ó wo omi, ó wo òrùlé páànù tó kàn fúnra rẹ̀. "Èmi wá ńkọ́?"

"Kò síbi tí fìríìjì kì í bàjẹ́ sí. Bí ẹ bá fẹ́ bá mi lọ, ẹ múra. Bí ẹ bá fẹ́ dúró níbí, màá máa wálé. A lè jọ jókòó sọ ìyẹn, ká sọ ọ́ dọ̀la. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí, mo máa gbà á."

"Àwọn ẹja yìí..."

"Ẹ má fi ẹja dí mi lójú."

Súpà fa fóònù yọ lápò, ó wá nọ́ńbà ọ̀gá rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Bó ti ń dún, ó nà án sí ọkọ rẹ̀ lórí omi. Ẹnjiníà wo fóònù náà títí ó fi dún lẹ́ẹ̀kẹta. Ó gbé sípánà sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó gbà á.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ọkọ Súpà ni." Ó tẹ́tí. "Ẹ̀yìn mi? Ẹ̀yìn mi ò ṣe mí rí, sà. Irọ́ ni mo pa fún yín." Ó tún tẹ́tí, òógùn ń yọ níwájú orí rẹ̀. "Rárá, sà, kò mọ̀ sí i. Ìyàwó mi ò gbọ́ nípa rẹ̀ rárá nígbà yẹn. Ó wà níbí. Ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ dá yín lóhùn."

Ọwọ́ méjèèjì ló fi na fóònù náà sí i.

Súpà gbà á. Gbogbo ohun tó ti ń tò sílẹ̀ nínú ara rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, bó ṣe máa sọ ọ́, bó ṣe máa dúpẹ́, kò rí ọ̀kan mú níbẹ̀.

"Mo ń bọ̀, sà," ló wí, ṣùgbọ́n ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò bó ti ń sọ ọ́.