Àwọn Ọmọ Ogun Inú Ẹ̀jẹ̀

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Òwe yìí ni obìnrin tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń tún sọ nínú ara rẹ̀ nígbà tí ọ̀gá rẹ̀, tí gbogbo ilé àyẹ̀wò ń pè ní Bàbá Gíláàsì, gbójú kúrò lára awò tó ń sọ kékeré di ńlá.

"Ọmọ mi, sún mọ́bí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ẹ̀jẹ̀ funfun lo kọ sí nọ́ńbà kẹtàdínlógún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélógún lèmi kà. Àbí ojú arúgbó ti ń bímọ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni méjì ní í ka ẹ̀jẹ̀ kan, nọ́ńbà ló sì máa ń wà lára gíláàsì, kì í ṣe orúkọ. Ó ti rò pé bàbá náà á kánjú lónìí, kò ní tún un kà.

"Wò wọ́n," ni bàbá ń wí. "Ọlọ́run dá àwọn ọmọ ogun funfun yìí kí wọ́n lè máa lé àrùn. Kòkòrò kan ò sí ńbí, síbẹ̀ wọ́n ti gbára jọ. Bí wọ́n bá pọ̀ tó báyìí lára ẹni tó ní fòníkúfọ̀ladìde, ògiri iṣan ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́, wọ́n á sì máa gbá àwọn pupa tó ti tẹ̀ bíi dòjé mú. Ẹ̀jẹ̀ ò ní rọ́nà kọjá. Ìdí nìyẹn tí àrùn kan náà fi ń fọwọ́ ra ẹnì kan lórí, tó sì ń wó ẹlòmíì mọ́lẹ̀."

Obìnrin náà mọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà lókè òkun ní àrùn náà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ìrora rẹ̀ máa ń dé. Ti òun alára ń kanlẹ̀kùn lóṣooṣù. Nínú yàrá kan ṣoṣo tó ń gbé, ìrọ̀rí ló máa ń gé jẹ. Ìyá rẹ̀ tó máa ń ra orúnkún rẹ̀, tó máa ń kì í pé, "Ọmọ mi òkè, má yẹ̀, ọmọ mi odò, má gbẹ," ti kú láti èṣí. Láti ìgbà náà, bó bá gbàdúrà tán, òun náà ní í ṣe àmín.

Dókítà ti sọ fún un: bí iye náà bá kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó wá gba bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà nínú fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn: Ẹni tó bá aláìsàn wá. Nígbà tó lọ kẹ́yìn, orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti wà nínú ilẹ̀ ló kọ síbẹ̀.

"Ta ló ni nọ́ńbà kẹtàdínlógún?" ni bàbá bi í.

Ojú bàbá rìn dé orí òwú tí wọ́n fi pálásítà lẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀ ìgúnpá obìnrin náà. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu bàbá. Kò bá a wí; ó kàn rọra ti ìwé àkọsílẹ̀ àti gègé síwájú rẹ̀.

Obìnrin náà fagi lé mẹ́sàn-án, ó kọ mẹ́tàlélógún. Lẹ́yìn náà ló fa fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn tó ti ká sí mẹ́rin yọ nínú àpò aṣọ funfun rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sì nàka sí ìlà tó ṣófo.

"Èmi ni mo ni ín, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ orúkọ yín síbí."