Òkè Tí Wílmer Gé Kúrò

Hermelinda ń wa kẹ̀kẹ́, ó ń wa á ṣáá, òkè ò dé.

Kẹ̀kẹ́ náà ò kúrò lójú kan nínú gbọ̀ngàn ìdárayá, ṣùgbọ́n awò ńlá tó bò ó lójú ti gbé e wọ inú ọgbà yunifásítì. Ó ti kọjá ilé ìkàwé, ó ti kọjá ibi tí wọ́n ti ń ta arepa, àkàrà àgbàdo wọn. Níbi tó yẹ kí ọ̀nà ti gòkè, ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, òdòdó tò lọ bẹẹrẹ.

Nítorí àwọn tó fẹ́ wá kàwé ni wọ́n ṣe ya fíìmù inú awò náà, kí wọ́n lè fi kẹ̀kẹ́ yí ọgbà ká láti ibi tí wọ́n bá wà. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí àwọn àgbà àdúgbò máa wá fi ṣeré ìdárayá. Ọjọ́ tí Hermelinda kọ́kọ́ gun òkè yẹn dé orí ló rí Nidia, ọmọ rẹ̀ tí ìjàǹbá bọ́ọ̀sì pa lẹ́yìn tí wọ́n ya fíìmù náà, tó jókòó sórí àtẹ̀gùn, tó ń jẹ búrẹ́dì. Ọmọ náà gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí i. Láti ọjọ́ náà ni kì í ti í pa ìdárayá jẹ. Kò sọ fún ẹnì kankan.

Ó ṣí awò kúrò lójú. "Wílmer, òkè dà?"

Wílmer tó ń tọ́jú ẹ̀rọ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ti rí i, Màmá! Mo bẹ ọ̀gá títí kí wọ́n tó gbà ká tún un yà gba ibi tó tẹ́jú. Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń ké pé òkè burúkú yìí fẹ́ pa yín. Mo ní kò ní pa ìyá wa lójú mi."

Bàbá Don Eliécer, tí òun náà wá ṣe ìdárayá, pòṣé lórí kẹ̀kẹ́ kejì. "Ọmọ etí òkun! Ta ló ní kó o sọ wá darúgbó?"

Ní Boyacá, ilẹ̀ olókè tiwọn yìí, ẹni tó bá gun òkè tí kò bú u, kò tíì gùn ún. Èébú yẹn ni ìyangàn wọn. Ṣùgbọ́n etí òkun ni wọ́n ti bí Wílmer. Ẹkún ló pe èébú náà.

"Ti àtijọ́ ńkọ́?"

"Mo ti pa á rẹ́, Màmá. Ẹ̀rọ wa ò gba méjì."

"Pátápátá?"

"Pátápátá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Hermelinda fẹ́ figbe ta. Ta ni yóò bá wí? Ire ni ọkùnrin yìí rò, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló lé ọmọ náà lọ. Wọ́n ní ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. Ti Nidia di méjèèjì.

"Ó ti rọrùn báyìí, àbí?" Wílmer bá a da awò náà bojú padà.

"Ó rọrùn. O ṣé, ọmọ mi."

Ó ń wa kẹ̀kẹ́ lọ láàárín òdòdó. Ó dijú, ó ń wá bí Nidia ṣe ń gbójú sókè. Fọ́tò pọ̀ nílé, ṣùgbọ́n fọ́tò kì í yíjú wo ni. Ó rí àtẹ̀gùn. Ó rí búrẹ́dì náà, àti ọwọ́ tó dì í mú. Ojú ọmọ náà kò wá.