Ẹ Kú Ewu Ọmọ, Màdáámù Christelle

"Jẹ́ kí n ṣáà ti rí bàtà ènìyàn lónìí," ni Mùs'áb wí, "n ó sọ ohun tó ṣe lánàá fún ọ. N kì í ṣì í."

Bàtà ló ń tà ní àdúgbò Atong Abè, ẹnu rẹ̀ sì dán ju ọjà rẹ̀ lọ. Ní ọ̀sán Sátidé yìí, òun àti Ràódàt aránṣọ ń dúró de Màdáámù Christelle, ọmọ Nàgó tó dàgbà sí Bata, ìlú tí wọ́n ti ń sọ Sípéènì, tó ń kọ́ wọn ní èdè Sípéènì. Ní Mọ́ńdè, ọ̀gá onígẹdú kan ń bọ̀ láti Bata wá gba akọ̀wé sí èbúté Owendo. Mùs'áb ló fẹ́ ipò náà, ṣùgbọ́n àfi kí Màdáámù fọwọ́ sí ìwé pé ó gbọ́ èdè.

Wákàtí kan kọjá, Màdáámù kò yọjú.

"*Puede haberse enfermado*," ni Ràódàt wí. Ó lè jẹ́ pé àìsàn ló ṣe é.

Mùs'áb mi orí. "Kí la fẹ́ fi 'ó lè jẹ́' ṣe? *Debe de haber dado a luz*. Ó ní láti jẹ́ pé ó ti bímọ. Ṣebí bàtà pẹlẹbẹ ló ń wọ̀ láti oṣù mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ra bàtà ìkókó lọ́wọ́ mi. Ṣé adìyẹ ló fẹ́ wọ̀ ọ́ fún?"

"Ikùn ńkọ́, Bọ̀dá Mùs'áb?"

"O ò rí bùbá ńlá tó ń wọ̀ ni?"

Ta ni yóò gbọ́ pé olùkọ́ òun bímọ tí kò ní lọ kí i? Wọ́n ra ọṣẹ, wọ́n ra ìlédìí, wọ́n wọ takisí, ó di ilé Màdáámù ní PK8. Kí ilẹ̀kùn tó ṣí tán, Mùs'áb ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń kígbe ẹ kú ewu ọmọ débi pé àwọn ará ilé kejì yọrí lójú fèrèsé.

Christelle dúró pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ikùn rẹ̀ wà níbi tó wà lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Ọmọ wo?"

Ràódàt rọra ti ìlédìí sẹ́yìn.

"Bàtà ìkókó yẹn ńkọ́?" ni Mùs'áb béèrè láti ilẹ̀.

"Ọmọ àbúrò mi ni mo rà á fún. Ikùn yìí, èmi ni mo fi ẹnu ara mi jẹ ẹ́."

Mùs'áb rí i kedere bí iṣẹ́ Owendo ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ láìdágbére. Ó da ojú délẹ̀. "*Puedo haberme equivocado*." Ó lè jẹ́ pé mo ṣì í.

Christelle fà á dìde. "Láti oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ gidi àkọ́kọ́ tí ẹ sọ ní èdè Sípéènì nìyẹn." Ó ní kí ó mú ìwé wá, ó fọwọ́ sí i. Ó gba ìlédìí pẹ̀lú, fún ọmọ àbúrò rẹ̀.

Ràódàt kò lè pa á mọ́ra. "Màdáámù, kí ló wá dé tí ẹ ò wá?"

"Mo sùn."