Wọ́n Ní Kó Wá Jẹ́wọ́

Ọjọ́rú ni Oyinadé, ọmọ mi, dé láti ilé-ìwé àwọn Fada tó ní, "Mọ́mì, wọ́n ní ká wá jẹ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì."

Mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ọwọ́ mi dúró.

"Jẹ́wọ́ kí ni?"

"Ohun tí a ṣe. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìsìn ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ká rò ó dáadáa, ká kọ ọ́ sínú bébà, ká má fi han ẹnikẹ́ni."

Ká má fi han ẹnikẹ́ni. Mo gbé ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

N ò kàwé púpọ̀. Ìwé mẹ́ta ni mo kà, ní Ìkéré. Ìjọ CMS ni wá nílé, a kì í ṣe ti Fada. Jẹ́wọ́ tí èmi mọ̀, olè ló ń jẹ́wọ́. Àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́. Obìnrin tí ọmọ há sí lára, tí àwọn àgbà yí ká, tí wọ́n ní kó dárúkọ ọkùnrin tó bá a sùn, òun náà ló ń jẹ́wọ́. Wọ́n ṣe é fún ìyá tó bí mi. Kò rí orúkọ kankan dá. Ó kú tòun ti ẹ̀sùn náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni yẹtí góòlù Alhaja, ìyàwó onílé wa ní Agége, sọnù. Àwa ayálégbé wà ní yàrá mẹ́jọ. Láràárọ̀ ni Alhaja ń sọ ọ́ pé ọmọ ẹnì kan nínú wa ni. Tó bá ti ń sọ ọ́, mo máa ń rò pé èmi ló ń wò. Sójà sì ni àbúrò rẹ̀, ayé sójà la sì wà.

Mo mú bẹ́líìtì. Mo ní kó jẹ́wọ́ fún mi kó tó di iwájú Fada, kó tó di iwájú sójà. Ó ń sunkún pé, "Mọ́mì, gbogbo wa ni." Mo gbọ́ "gbogbo wa", mo rò pé ẹgbẹ́ olè ló kó sí. Mo tún nà án sí i. Ọmọ ọdún méjìlá. Nígbà tó yá, ó ní òun ló mú yẹtí.

"Ó dà?"

"Mo jù ú sí gọ́tà."

Mo fà á lọ bá Alhaja. Ó kúnlẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀. Alhaja pe gbogbo ilé jáde kí wọ́n wá wò ó. Láti ìgbà náà, tí Oyinadé bá ti jáde lọ pọn omi, àwọn ọmọ ilé á ní, "Ẹ ká aṣọ yín wọlé o, ó ti ń bọ̀."

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo tọrọ àyè nílé iṣẹ́ bísíkíìtì tí mo ti ń di páálí n'Íkẹjà. Kò rọrùn. Wọ́n ti lé ìdajì wa torí SAP tí ìjọba gbé dé tí owó ò fi sí mọ́, ẹni tó bá tọrọ àyè, wọ́n á fi ojú kan wò ó. Mo fẹ́ lọ bẹ ilé-ìwé kí wọ́n má lé ọmọ mi ni.

Mo bá tíṣà ẹ̀kọ́ ìsìn, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró, ní fàráńdà. Mo kúnlẹ̀.

"Sà, ó ti jẹ́wọ́ nílé. Ẹ dákun, ẹ má lé e."

"Ó jẹ́wọ́ kí ni, Mọ́mì?"

"Yẹtí."

Ó wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, gbogbo kíláàsì ló ń bọ̀. Èmi náà jẹ́wọ́ ní Sátidé. Pópù pàápàá ń jẹ́wọ́. Nítorí Ọdún Àjíǹde ni. Ti Oyinadé tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, Fada kàn máa gbọ́wọ́ lé e lórí ni, kó súre fún un."

Súre.

"Ṣé ẹ ò ka lẹ́tà tí a fi ránṣẹ́ ni?"

"Òyìnbó lẹ kọ."

"Ọmọ yín ì bá kà á fún yín."

Mo dìde. Inú tó bí mi kò jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀ dáadáa mọ́. "Tíṣà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń mú olè lẹ mú, ẹ gbé e fún ọmọdé, ẹ ní kó máa gbé e lọ sílé. Ẹ ò bi ara yín pé etí ta ni yóò gbọ́ ọ."

"Ẹ rọra. Ta ló ní kẹ́ ẹ nà án?"

Òótọ́ ló sọ, mo sì kórìíra rẹ̀ nítorí ẹ̀. Mo ń bú u nínú bí mo ṣe ń lọ lọ́nà. Ìgbà tí mo fi dé Agége, ara mi ni mo ń bú.

Alhaja ń já ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Alhaja, ọmọ mi ò jí yẹtí yín."

"Ẹnu ẹ̀ la ti gbọ́."

"Bẹ́líìtì mi ló la ẹnu náà."

"Ẹ̀yin ará Èkìtì, orí yín le. Ṣé kí n wá sọ fáyé pé irọ́ ni mo pa? Èèyàn mẹ́wàá ló ń bẹ̀ mí nítorí yàrá yẹn, Ìyá Oyinadé. Ẹ lọ rò ó."

Mo rò ó. Mo ro ibi tí a máa kẹ́rù sí, n ò rí i. Oyinadé dúró lẹ́nu yàrá wa. Láti Ọjọ́rú, kò wojú mi. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú; ó fẹ́ gbà á, mi ò jẹ́.

Mo kan ilẹ̀kùn tó tẹ̀ lé tiwa. "Bàbá Síkírù, Oyinadé ò jalè. Èmi ni mo lù ú tó fi parọ́ mọ́ ara ẹ̀."

Mo kan ìkejì. Ní ìkẹta, obìnrin ibẹ̀ ní, "Èwo ló kàn mí ńbẹ̀?" Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ náà. Alhaja ń pariwo lẹ́yìn mi, ó ń pe ọkọ rẹ̀. Nígbà tí mo kúrò lẹ́nu ìkẹfà, Alhaji Gàníyù, onílé wa, ti jáde tòun ti kẹ́tù àlùwàlá.

"Ìyá Oyinadé, ó tó. Àbí ìta lẹ fẹ́ sùn lónìí?"

"Ó ku yàrá kan, sà."

Mo kan ilẹ̀kùn náà.