Nọ́ńbà Kejì ní Portbarra

"Mummy Khalifa, fọ́tò yín ò sí níbẹ̀ o!"

Rafiat fi èjìká há fóònù mọ́ etí, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tún híjàábù rẹ̀ ṣe níwájú dígí. Níbo ni fọ́tò òun ò sí?

"Lórí bébà ìdìbò! Mo wò ó láti òkè délẹ̀. I even check the back. Òyìnbó ló kún ibẹ̀, ìkankan nínú wọn ò jọ yín."

Olúfúnmilọ́lá tó pè é kì í ṣe ẹni tó ń fi irú nǹkan báyìí ṣeré. Òun ló ń kó àwọn obìnrin Barra Meadows, àdúgbò wọn, jọ láti ìbẹ̀rẹ̀, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, kí wọ́n lè dìbò fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ẹ má tíì ṣe nǹkan kan," Rafiat ní. "Mò ń bọ̀."

Ó ń díje fún ipò káńsẹ́lọ̀ ní Portbarra, ìlú etíkun kékeré kan lápá òkè ìlú Swords. Òfin ilẹ̀ Ireland ò béèrè ìwé ọmọ onílùú lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ di káńsẹ́lọ̀ tàbí ẹni tó fẹ́ dìbò yàn án; kí èèyàn ṣáà ti máa gbé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì gbé Rafiat dìde: bọ́ọ̀sì. Àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú máa ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí títì ńlá kó tó di pé ilẹ̀ mọ́. Nígbà òtútù tó kọjá, mọ́tò kan gbá Tòún, ọ̀kan nínú wọn, nínú òkùnkùn yẹn, ó kán an lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Tòún ní ọsibítù ni Rafiat ti búra pé bọ́ọ̀sì á wọ Portbarra.

Ọkùnrin onítáì tó ń bójú tó ibùdó ìdìbò kò jágbe mọ́ ọn, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù. Ó rọra fi ìka tọ ojú irin rélùwéè lórí àwòrán ilẹ̀ tó wà lára ògiri. Apá ọ̀tún, níhà òkun, ni wọ́ọ̀dù tí Rafiat ti ń díje. Apá òsì, níbi tí Barra Meadows wà, wọ́ọ̀dù mìíràn ni.

"Ṣé ẹnikẹ́ni ò sọ fún ẹ ni?" ó béèrè.

Wọ́n sọ. Wọ́n fún un ní irú àwòrán yìí gan-an lọ́jọ́ tó forúkọ sílẹ̀, Dísù ọkọ rẹ̀ ló sì ká a tó fi sórí press, kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnnì. Ta ló ń wo àwòrán? Portbarra ni gbogbo wọn ń kọ sára lẹ́tà. Níbi tí Rafiat ti wá, ìlú kì í ṣe ìlà. Ẹni tó bá wá síbi ìsọmọlórúkọ yín, tó bá yín gbé òkú lọ sí ibojì, ọmọ ìlú ni, ó parí. Odindi oṣù mélòó kan ló fi ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn ní Barra Meadows, tó ń jẹ ìrẹsì olúkúlùkù, tí wọ́n ń ṣàdúrà fún un. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó lè dìbò fún un. Àní òun fúnra rẹ̀ ò lè dìbò fún ara rẹ̀!

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Rafiat ti sọmọ lórúkọ tán, kò wo ilé kankan.

Ó wa mọ́tò dé èbúté, ó yí padà, ó tún wà á débẹ̀. Kò lè jókòó jẹ́ẹ́, kò sì mọ ibi tó ń lọ. Dísù pè é.

"Máa bọ̀ nílé. Ó ti tán. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."

"Ìtìjú wà níbẹ̀," ó ní, ó sì pa fóònù.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ti wá sí àdúgbò èbúté yìí rí. Ó ju bébà ìpolongo sínú àwọn ilé kéékèèké yẹn láti ojú ihò lẹ́tà, ó sì sá lọ. Ohun tí wọ́n ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà ni pé òyìnbó kì í fẹ́ àlejò tí kò bá a ṣe àdéhùn. Rafiat di ìyẹn mú bí òfin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ara gbogbo òpó ni wọ́n lẹ ọ̀rọ̀ bébà ìdìbò mìíràn mọ́, èyí tí àwọn ọmọ onílùú nìkan ń dì lọ́jọ́ kan náà: ṣé kí ọmọ tí àlejò bá bí sí Ireland ṣì máa di ọmọ ilẹ̀ náà látàrí ìbí? Dublin ni wọ́n bí Khalifa ọmọ rẹ̀ sí. Báwo lèèyàn ṣe ń kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò mọ ohun tó máa kọ sórí irú bébà bẹ́ẹ̀?

Bí iwájú ò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn á ṣeé padà sí. Ṣùgbọ́n Dísù ló wà lẹ́yìn, pẹ̀lú àánú rẹ̀. Rafiat bọ́ sílẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tó rí.

Ìyá arúgbó kan ló ṣí i. Orúnkún Rafiat tẹ̀ kó tó mọ̀.

"Kí ló ṣe ẹ́ lẹ́sẹ̀, love?"

"Kò sí nǹkan, mà. Mò ń kí yín ni."

Ìyá náà wò ó dáadáa. "Ìwọ lo ju bébà sílé mi, tó o sá lọ. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rò pé ajá ló ń lé ẹ."

"Wọ́n ní ẹ kì í fẹ́ kí èèyàn kan ilẹ̀kùn yín láìsọ tẹ́lẹ̀."

"Nígbà ìbò? Ẹni tí kò bá kan ilẹ̀kùn, kò fẹ́ ìbò nìyẹn. Wọlé."

Mísìsì Hoban ni wọ́n ń pe ìyá náà. Nígbà tí Rafiat sọ ọ̀rọ̀ ojú irin fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.

"Nígbà tí wọ́n fa ìlà yẹn, ọkọ̀ ẹja àti oko kábéèjì nìkan ló wà níbí. Lódìkejì, àgùntàn ló wà níbẹ̀. Àgùntàn kì í dìbò. Nígbà tí owó wá wọ̀lú, wọ́n kó àgùntàn kúrò, wọ́n kọ́lé. Kò sẹ́ni tó rántí ìlà."

Rafiat ò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín tàbí kóun sunkún. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ló bọ́ sí.

"Bọ́ọ̀sì kì í dé ìsàlẹ̀ yìí náà mọ́," Mísìsì Hoban ní. "Takisí ni mò ń wọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kìíní mi, ti Tommy tóun náà ń díje ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Kò wúlò fún nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọmọ wa ni. Nọ́ńbà kejì ni mo lè fún ẹ."

Ní ilẹ̀ yẹn, wọn kì í tẹ̀ka fún ẹnì kan ṣoṣo. Èèyàn á to àwọn olùdíje bó ṣe fẹ́ràn wọn sí; bí ẹni àkọ́kọ́ bá fìdí rẹmi, tàbí tí ìbò rẹ̀ bá ti tó, ìbò náà lè bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì. Rafiat mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò fìgbà kan ka ipò kejì sí nǹkan. Inú bí i. Òun tó kọ alájì olówó kan n'Íbàdàn nítorí pé ìyàwó kejì ló fẹ́ fi òun ṣe, òun ni wọ́n ń fi ipò kejì lọ̀ ní kíṣìnnì àjèjì!

"Ẹ ṣé, mà," ó ní. Ó korò lẹ́nu rẹ̀.

Mísìsì Hoban ti ń wọ kóòtù. "Dìde. Nora tó ń gbé nílé kejì ò ní ṣílẹ̀kùn fún ẹ. Á ṣí i fún mi."

Nora ṣí i. "Tommy ní kìíní, òun ní kejì," Mísìsì Hoban sọ fún un. "Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ni." Nora ní grand, kò burú. Ní ilé tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan wo híjàábù Rafiat, ó ní òun ti dìbò, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Rafiat fẹ́ bi Mísìsì Hoban léèrè ohun tí ìyá náà máa kọ sórí bébà ìdìbò kejì yẹn, ti ọ̀rọ̀ ọmọ àlejò, ìbéèrè náà gbóná lẹ́nu rẹ̀ bí iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná. Ó gbé e mì. Ìyá náà ò sì sọ.

Ó ti rẹ Mísìsì Hoban nígbà tí wọ́n fi dé etí omi. Ó dúró láti mí. Bàbá kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Rafiat ò dúró de ẹnikẹ́ni.

"Ẹ káàsán, sà. Rafiat lorúkọ mi. Mo mọ̀ pé Tommy lẹ máa fún ní kìíní. Èmi ń tọrọ kejì." Kò dùn ún bó ṣe rò. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, báwo lẹ ṣe ń ṣe é látìgbà tí bọ́ọ̀sì ò ti dé ìsàlẹ̀ yìí mọ́?"

Bàbá náà gbé àwọ̀n sílẹ̀. Ó sún fún un lórí bẹ́ǹṣì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ gígùn, nípa ìyàwó rẹ̀ àti ọjọ́ ọjà àti òjò. Rafiat jókòó, ó ń gbọ́. Ibẹ̀ ló ti yé e pé látìgbà tóun ti ń wá ìbò kiri, ìbéèrè àkọ́kọ́ tóun bi ẹnikẹ́ni nìyí. Ní Barra Meadows, kò bi ẹnì kankan ní nǹkan kan. Ṣebí èèyàn rẹ̀ ni wọ́n, kí ló tún fẹ́ bi wọ́n?