Ẹni Tó Ra Ẹ̀fọ́ Jù Ládùúgbò

Láti ìgbà tí ìjọba ti ń pín káàdì oúnjẹ fún àwọn tí nǹkan ò ṣẹnuure fún, kò sẹ́ni tó ń ra ẹ̀fọ́ tó Ìyá Aránṣọ. Bí èèyàn bá fi káàdì ra ẹ̀fọ́ tàbí èso, ìjọba á tún fún un ní iye kan náà lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn ọmọ lè jẹ ohun tó ń ṣara lóore. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tà á, tàbí tó fi ṣe pàṣípààrọ̀, wọ́n á gba káàdì ọwọ́ rẹ̀.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ta ló fẹ́ fi kábéèjì bọ́ ọmọ mẹ́ta yó? Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Aránṣọ á kó ẹ̀fọ́ sínú àpò, á fi àjákù aṣọ bò ó, á gbé e lọ fún olóúnjẹ tó wà níkángun òpópónà. Olóúnjẹ á wọn ìrẹsì àti òróró fún un.

Nígbà tí obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan láti ọ́fíìsì káàdì kanlẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, àyà Ìyá Aránṣọ já.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Ẹ fọkàn balẹ̀, ire ni mo bá wá. Ẹ̀yin lẹ ra ẹ̀fọ́ jù ládùúgbò yìí. A fẹ́ ya yín ní fọ́tò, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì wa."

Ìyá Aránṣọ dúró dí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ ṣeun, mà. A ò tíì gbálé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá lọ́la."

"Ta ló máa ń gbálé tán? Ẹ pe àwọn ọmọ wá."

Ìyá Aránṣọ lọ dúró síwájú ìkòkò orí sítóòfù, nítorí ìrẹsì olóúnjẹ ló wà nínú rẹ̀. Bí káàdì yìí bá lọ, owó ìránṣọ ò lè bọ́ ọmọ mẹ́ta dé Ọjọ́rú.

Nígbà tí àwọn ọmọ jáde, òṣìṣẹ́ náà yọ kárọ́ọ̀tì kan nínú báàgì, ó fún àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó gbé fóònù sókè. "Ó yá, ọmọ dáadáa, gé e jẹ ká rí i."

Ìyá ń fojú bẹ ọmọ. Jẹ ẹ́, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, jẹ ẹ́.

Ọmọ náà fi kárọ́ọ̀tì pamọ́ sẹ́yìn.

"Mi ò jẹ o," ó ní. "Tí mo bá jẹ ẹ́, kí la máa fi gba ìrẹsì?"

Òṣìṣẹ́ náà rọra gbé fóònù wálẹ̀. Ìyá Aránṣọ kúnlẹ̀ kó tó mọ ohun tó fẹ́ sọ.